Kingsman apá kejì: aṣọ pọ̀ lóòótọ́, ta ló wọ̀ ọ́?

Ọmọ_Ìperu (Sátidé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àárọ̀ ni iná ti wà ní Ìperu lónìí, wọn ò mú un lọ rárá, n ò tiẹ̀ mọ ohun rere tí a ṣe fún wọn. Ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, a wo Kingsman méjèèjì tẹ̀léra: ti àkọ́kọ́ tó dé sinimá ní 2015, àti apá kejì, The Golden Circle, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2017. Matthew Vaughn ló darí méjèèjì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: amí ni wọ́n, ilé télọ̀ kan ní Savile Row ní London ni wọ́n fi bojú. Harry (Colin Firth) mú ọmọ ìta kan tó ń jẹ́ Eggsy (Taron Egerton) wọ inú ẹgbẹ́, ó sọ ọ́ di ọmọlúàbí. Ní apá kejì, obìnrin kan tó ń ta oògùn olóró káàkiri ayé, Poppy (Julianne Moore), ju bọ́ǹbù sí gbogbo ibùdó wọn. Eggsy àti Merlin, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, nìkan ló ṣẹ́kù, wọ́n bá forí lé Kentucky ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn amí mìíràn tí wọ́n fi ilé ìpọntí wisikí bojú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní apá kejì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní irọ́ ni. Láti aago méje a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ bá wa dá sí i. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó yáa sá jáde níbí, torí a máa tú gbogbo rẹ̀ síta.

Jagunlabí (9:52)

Ẹ̀gbọ́n ẹ ló jàre. Ìjà inú takisí níbẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan ti tó. Charlie, ọ̀tá Eggsy, ń fi ọwọ́ irin fọ́ gbogbo nǹkan, takisí tún wá kó sínú omi, ó di ọkọ̀ abẹ́ omi. Kí lo tún ń wá? Apá kejì ta á yọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (10:05)

Jagunlabí, ìjà inú ṣọ́ọ̀ṣì ti apá kìíní ńkọ́? Harry ló ń pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin, kò sì mọ ohun tó ń ṣe, torí Valentine, ọ̀daràn inú apá kìíní, ti fi fóònù yí gbogbo wọn lórí. Nígbà tí mò ń wò ó, inú mi ń dùn, ẹ̀rù ń bà mí, lẹ́yìn náà ojú wá ń tì mí pé inú mi dùn. Ti takisí yẹn, mo kàn ní "ó dáa", mo sì tẹ̀ síwájú. Kò sẹ́ni tí mo bẹ̀rù fún nínú ọkọ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé Eggsy ò ní kú ní ìṣẹ́jú kẹwàá fíìmù tó gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 21.

Jagunlabí (10:07)

Ìwé àkàjù ló ń dà ẹ́ láàmú.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (10:31)

Ẹ kú ìjókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí máṣíìnì ni. Iṣẹ́ mi ni wọ́n fi bojú nínú fíìmù yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ohun tí apá kìíní mọ̀ tí èkejì ti gbàgbé ni pé aṣọ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ènìyàn. Ẹ rántí Eggsy nígbà tó kọ́kọ́ wọlé: fìlà lórí, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Harry mú un wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọn aṣọ. Ó kọ́ ọ pé bàtà tí wọn ò da ihò sí lára ni ọkùnrin gidi ń wọ̀ sí kóòtù. A rí ọmọ náà bó ṣe ń yípadà, ìgbà tí kóòtù wá bọ́ sí i lára nígbẹ̀yìn, èmi tí mo wà nínú ilé mi pàtẹ́wọ́. Oníbàárà mi ni mo ka Eggsy sí lọ́jọ́ náà.

Apá kejì ńkọ́? Aṣọ ti wà lára rẹ̀ kí iná tó kú. Kóòtù àrán aláwọ̀ ọsàn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹwà ni. Mo dá fíìmù dúró, mo sún un mọ́ra, mo wo bí wọ́n ṣe rán kọ́là rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe tó fi wọ̀ ọ́? Kò sí. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó bá a wí, kò sí nǹkan tó kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé wa lọ bá àwọn tó dé àkẹtẹ̀ darandaran, tí bọ́kùlù bẹ́líìtì wọn tó àwo ìjẹun. Mo rò pé wọ́n máa jẹ́ kí aṣọ méjèèjì bára wọn jà: London sọ tirẹ̀, Kentucky sọ tirẹ̀. Wọn ò ṣe é. Wọ́n kàn kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún fọ́tò.

Àwa tá a wà ní Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, régberégbe máa ń tò wọlé, ọgọ́rùn-ún ènìyàn nínú aṣọ kan náà, aṣọ olówó gọbọi. Ojú rẹ á rí gbogbo rẹ̀, ó sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ní 2024 ta ni gbogbo ayé gbé fọ́tò rẹ̀ kiri? Ẹnìkan lórí ẹṣin, Farooq Oreagba, pẹ̀lú sìgá ńlá àti fínfín lápá. Àwọn tó wọ aṣọ tó wọ́n ju tirẹ̀ lọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀, torí mo rán nínú wọn. Nígbà tí aráyé tún wá gbọ́ pé ó ti ń bá àrùn jẹjẹrẹ fà á, aṣọ yẹn tún wuyì sí i lójú wọn. Ènìyàn ló gbé aṣọ rìn.

Jagunlabí (10:36)

Ọ̀gá Tẹ́lọ̀, fíìmù la ń wò, a ò wá wọn ṣòkòtò.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (10:38)

Abájọ tí tìẹ fi ń wọ́lẹ̀.

Ọmọ_Ìperu (10:39)

Háà! 😂😂 Ẹ̀gbọ́n mi gan-an rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín láti aago méje.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (11:02)

Ẹ̀yin ọkùnrin, aṣọ àti ìbọn lẹ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi ló kó o sínú fíláàṣì wá, ó ní "fíìmù àwọn tó ń múra dáadáa ni, àǹtí". Mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mò ń rin ewùrà tí mo fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, àwọn ìbejì wà lórí àga. Mo gbé ojú sókè, mo rí i tí Poppy ní kí wọ́n ti ènìyàn mọ́ inú ẹ̀rọ ìlọran. Ẹsẹ̀ ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fi ẹran náà dín bọ́gà, ó gbé e síwájú ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ pé kó jẹ ẹ́. Obìnrin ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ o, irun rẹ̀ ò yẹ̀. Mo ti bu ẹran sínú ìkòkò mi kí n tó rí i. Ẹja nìkan ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyẹn tún kéré. Èyí tí wọ́n lọ síbi ijó ńlá nínú pápá, tí Eggsy ní láti fi nǹkan tí wọ́n fi ń tọpa ènìyàn sí ara ọmọbìnrin kan, ẹ mọ ibi tí wọ́n ní kó fi í sí. Mo fò dé ìdí rìmóòtù, ọwọ́ mi kún fún ewùrà, ó ń yọ̀. Ìgbà tí mo fi rí ibi tí mo máa tẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ fihàn ti hàn tán. Títí di òní, Táíwò ṣì ń bi mí ní ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Ta ni ìyẹn pa lẹ́rìn-ín? Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ ohunkóhun, wọ́n kàn lò ó.

Jagunlabí (11:06)

Màmá, fíìmù àgbà ni, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe fún ọmọdé.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (11:08)

Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ tó o fi ń pè mí ní màmá? Mi ò tíì pé ogójì. Àǹtí ni kó o pè mí, o gbọ́.

Jagunlabí (11:09)

Ẹ má bínú, àǹtí.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (11:15)

Àǹtí, òtítọ́ lẹ sọ. Ní yàrá wa nígbà yẹn, gbogbo wa ni a dákẹ́ níbi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn, ọkùnrin mẹ́fà. Ẹnìkan kàn sọ pé "ah". Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n kùnà sí jù ní apá kejì. Roxy, tó ṣe dáadáa ju Eggsy lọ nígbà ìdánwò, bọ́ǹbù pa á kí fíìmù tó gbóná, kò sẹ́ni tó sun ẹkún rẹ̀ pẹ́. Ajá Eggsy kú lọ́jọ́ kan náà, ọ̀fọ̀ ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n pe Halle Berry, ìlúmọ̀ọ́ká, wọ́n gbé awò sí i lójú, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà fún un, ó parí.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (11:21)

Wọ́n ṣe Channing Tatum náà bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ wà lórí gbogbo pátákó ìpolówó. Ó jà díẹ̀, ó jó díẹ̀, iṣan ara rẹ̀ di aláwọ̀ búlúù, wọ́n gbé e jù sínú yìnyín bí ẹja Ìdúmọ̀tà. Ó di ìparí fíìmù ká tó tún rí i. Ènìyàn máa ń ṣe ìnáwó báyìí nílùú wa: wọ́n á pe gbogbo ọlọ́lá, wọ́n á dárúkọ wọn lórí gbohùngbohùn, àwo oúnjẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan nínú wọn.

Elton John nìkan ni wọ́n fún lóúnjẹ. Ẹni gidi tó ń ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n jí gbé kó lè máa kọrin fún obìnrin kan nínú igbó Cambodia, tó ń fi aṣọ oníyẹ̀ẹ́ jà, tó ń bú gbogbo ènìyàn. Ó dùn mọ́ mi.

Jagunlabí (11:24)

Ẹ rí i! Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ náà gbádùn apá kejì.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (11:25)

Ta ló ní n ò gbádùn rẹ̀? Mo gbádùn pọfupọ́ọ̀fù náà. Kò yó mi.

Ọmọ_Òsósà (Sọ́ńdè, 2:10 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ọmọ mi obìnrin ló gbé e sórí fóònù fún mi, nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Òsósà ni mo ti wá, ìlú Hubert Ògúndé (1916 sí 1990). A wo fíìmù rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, lórí àga onígi, aṣọ funfun ni wọ́n ta sára ògiri. Àwọn ọmọ tó kàwé nígbà náà máa ń fi àwa yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ẹ wò ó, àjẹ́ ń fò, òkú ń dìde, oògùn ń dá ìbọn dúró, kò bọ́gbọ́n mu. Ó dáa. Mo wá wo ti òyìnbó yín yìí lẹ́yìn ogójì ọdún. Wọ́n yìnbọn fún Harry ní orí ní apá kìíní, a rí i, ó ṣubú. Ní apá kejì ó wà láàyè, ó ń yàwòrán labalábá sára ògiri. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ní oògùn kan bíi jẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi dí ojú ìbọn, ọpọlọ bá padà bọ̀ sípò, ojú kan péré ló fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayẹta Ìjẹ̀bú rẹ́rìn-ín, kí lẹ pe èyí?

Èmi ò bá wọn jà nítorí oògùn o. Oògùn wà nínú ìtàn, kò sí èèwọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ìtàn tiwa, oògùn ní iye tí wọ́n ń rà á. Ó ní èèwọ̀, ó ní ẹni tó máa kọ̀ ọ́, ọjọ́ kan wà tí kò ní jẹ́. Bí èèwọ̀ bá ti wà, ọkàn awòran á máa lù kìkì. Jẹ́ẹ̀lì àwọn Amẹ́ríkà ò ní èèwọ̀. Nígbà tí Harry tún yìnbọn fún Whiskey, ọ̀kan nínú àwọn amí Amẹ́ríkà, lórí nínú fíìmù kan náà, mo sọ fún ọmọ mi pé á jí. Ó jí. Mo gbé omi mu.

Ọmọ_Ìperu (2:31)

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní "ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀". Tirẹ̀ ni pé, ó ní ibi tí wọ́n ti rán Harry létí ẹni tó jẹ́, tí Eggsy gbé ọmọ ajá kékeré tó dà bí ti ayé àtijọ́ wá, tó sì ṣe bí ẹni fẹ́ yìnbọn fún un, ibẹ̀ dára. Mo gbà fún un. Ìgbà tí Harry rántí, mo mí kanlẹ̀.

Ibi tí mo wá fẹ́ kí a dé ni Merlin. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ torí ó ń ká mi lára.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (2:40)

Sọ ọ́ jàre. Gbogbo wa la sunkún.

Ọmọ_Ìperu (2:58)

Wọ́n dé igbó Cambodia, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ibùdó Poppy. Eggsy tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ó parí. Merlin (Mark Strong) ní kó má mira, ó fi nǹkan olótùútù fín in kó lè dì, ó ní kó fò sẹ́yìn, Eggsy fò. Nígbà tó yíjú padà, Merlin ló dúró lórí bọ́ǹbù náà. Ó ti gbapò ọmọ náà kí ó tó mọ̀. Kò sí ariwo, kò sí "máa rántí mi". Ó ní kí wọ́n lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà nípa ọ̀nà tó lọ sílé. Ó ń kọ ọ́ sókè kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè wá bá a. Wọ́n yí i ká, ó gbé ẹsẹ̀.

Ọmọ Scotland ni, ó wà lórí ilẹ̀ Éṣíà, ó ń kọ orin ilé ẹlòmíì. Mo bojú wẹ̀yìn kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa rí mi. Òun náà ti bojú wẹ̀yìn.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (3:12)

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa dé. Ẹ padà lọ wo aṣọ rẹ̀. Súẹ́tà ni mo fi mọ Merlin láti apá kìíní, òun ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nígbà tí àwọn tó wọ kóòtù ń jà. Ọjọ́ tí òun náà wọ kóòtù jáde sójú ogun bíi tiwọn ni ọjọ́ ikú rẹ̀. Nínú wákàtí méjì àti ààbọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé yìí, kóòtù kan ṣoṣo ló ní ìtumọ̀, òun sì ni èyí.

Ọmọ_Òsósà (3:20)

Kò sì sí jẹ́ẹ̀lì fún un. Ẹ rí i pé òun la sunkún fún.

Jagunlabí (3:24)

Ẹ jẹ́ ká fi ẹkún sílẹ̀. Apá kìíní àti ìkejì, ìkọ̀ọ̀kan pa owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Fíìmù tí kò dára kò lè pa irú owó bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (3:29)

Apá kìíní ló ta tíkẹ́ẹ̀tì apá kejì. Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fíìmù Yorùbá: bí apá kìíní bá dùn, kódà bí wọ́n bá gbé páálí òfo síta, tí wọ́n kọ "apá kejì" sí i, wọ́n á rà á.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (3:33)

Owó mi ti bá irú páálí bẹ́ẹ̀ lọ rí, lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́ (7:48 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé láti ibi iṣẹ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ aṣọ, mo ti ka ọ̀rọ̀ ìjà àti ti Merlin. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú àgò irin.

Ẹ rántí ohun tí Poppy ṣe: ó fi májèlé sínú gbogbo oògùn tó ń tà, igbó, kokéènì, mẹ́tì, gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti mu nínú rẹ̀, iṣan ara rẹ̀ á yọ búlúù, á ya wèrè ijó, á gan, lẹ́yìn náà ikú. Òun ló ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ààrẹ Amẹ́ríkà sọ òwò òun di òfin kó tó gbé e sílẹ̀. Ààrẹ ní òun gbà, lójú tẹlifíṣọ̀n. Nínú yàrá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn kú, kí ọ̀rọ̀ oògùn olóró lè parí pẹ̀lú àwọn tó ń mu ún. Wọ́n kó wọn sí pápá ìṣeré, nínú àgò, wọ́n to àgò lé àgò. Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ tó ní kò dára, tí òun náà ti mu díẹ̀ kó lè bá iṣẹ́ dúró, wọ́n tì í mọ́ inú àgò.

Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀. Mo lọ sí báńkónì.

Mo mọ ààrẹ yẹn. Kì í ṣe ní Amẹ́ríkà. Mo ti gbọ́ gbólóhùn rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó gbé ọmọ wọ́ọ̀dù wá, lẹ́nu aládùúgbò, nígbà mìíràn lẹ́nu àwa tí a wọ aṣọ funfun pàápàá: "Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún á dé, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kolorádò tàbí tiramadọ́ọ̀lù ló mu, ẹni tó gbé e wá á ti fẹ́ máa lọ kí a tó bi í lórúkọ. Ní 2018 ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi ikọ́ tó ní kodíìnì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń mu ún kò bá ìgò yẹn lọ. Wọ́n wá nǹkan mìíràn mu.

Fíìmù yín yìí fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí, ó sáré kọjá bí ẹni tó tẹ iná. Ìyẹn ni mo ní sí i. Òun ni ọ̀rọ̀ tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n fi wé ijó búlúù.

Jagunlabí (8:01)

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ta ló fi dandan mú wọn mu ún? Ààrẹ yẹn le, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (8:04)

Jagunlabí.

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (8:15)

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún ń kọ ọ́. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sórí tírélà lójú títì márosẹ̀. Ẹnìkan fún un ní hóró oògùn kan kó má bàa sùn lórí iṣẹ́. Ọ̀gá wọn mọ̀, ó dùn mọ́ ọn, ẹrù ń wọlé kíákíá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwa la ń wá a kiri ní garéèjì. Ó wà láàyè, mo dúpẹ́, ó wà lọ́dọ̀ ìyá wa, ó ń sin adìyẹ. Bí wọ́n bá ti í mọ́ inú àgò, èmi ni wọ́n ti mọ́ inú àgò.

Jagunlabí (8:40)

Àǹtí, ẹ dákun. N ò rò ó débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́ (8:52)

Àǹtí Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bá wa kí adìyẹ.

Jagunlabí, n ò bínú sí ẹ. Ẹnìkan wà nínú fíìmù náà tó rò bíi tìẹ, ó sì ní ìdí. Whiskey, amí tó ń fi okùn oníná jà: àwọn tó mu mẹ́tì ló pa ìyàwó rẹ̀, oyún wà nínú obìnrin náà. Nítorí náà ló ṣe fẹ́ kí gbogbo wọn kú, ó fọ́ ìgò ẹ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí ìbànújẹ́ sọ di ọ̀dàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó sọ̀rọ̀, kí Eggsy, tí ọ̀rẹ́bìnrin tirẹ̀ náà wà lára àwọn tí májèlé mú, dá a lóhùn! Wọ́n fi gbólóhùn kan sọ ọ́, ìjà bẹ̀rẹ̀, wọ́n dà á sínú ẹ̀rọ ìlọran, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tán.

Ọmọ_Òsósà (9:05)

Ọmọ mi, o káre. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà, wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (9:11)

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, n kò ro ti Whiskey bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ orí okùn tó ń yí bíríbírí lórí òkè yìnyín ní Ítálì ni mo máa ń rántí nípa rẹ̀, títí tó fi já bọ́, tó sáré wálẹ̀ dé ẹnu ilé àwọn arúgbó. Ìjà náà dùn. Ó tún wá ń dùn mí báyìí pé òun nìkan ni mo rántí.

Ọmọ_Ìperu (9:20)

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ti yí ohùn padà díẹ̀. Ó ní apá kejì ṣì dùn láti wò pẹ̀lú ẹ̀pà àti gàrí, ṣùgbọ́n apá kìíní ló máa fún ọmọ rẹ̀ bó bá bímọ. Mo ní kó kọ́kọ́ fẹ́yàwó. A tún ti bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn.

Jagunlabí, ìwọ nìkan ló kù lẹ́yìn apá kejì. Jẹ́ ká gbọ́: kí ló wà nínú rẹ̀ tí apá kìíní kò ní?

Jagunlabí (9:47)

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

N ò tíì wo apá kìíní.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (9:48)

Olúwa ò.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè (9:48)

Láti àná!!! 😭

Ìyá_Ìbejì_Ṣágámù (9:50)

Ó ní "apá kejì ta á yọ". Ta ta ni yọ?

Jagunlabí (9:53)

Apá kejì ni ọ̀rẹ́ mi ní lórí fíláàṣì! Ẹni tó bá ní tàkọ́kọ́, kó fi ránṣẹ́, iná ṣì wà níbí.

Jagunlabí (Mọ́ńdè, 1:26 òru)

Mo ti wò ó tán.

Ọ̀gá Tẹ́lọ̀, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, èélòó lẹ ń gbà láti rán kóòtù onílà méjì bọ́tìnnì, èyí tó dúdú bí ọ̀run alẹ́ yẹn? Ẹ tún sọ ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà tí kò nihò.

Tẹ́lọ̀_ÌjẹbúÒde (Mọ́ńdè, 6:15 àárọ̀)

Wá sí ṣọ́ọ̀bù. N ò ní dá iye lé e kí n tó wọ̀n ẹ́.